Òkúta Ẹnu Ọ̀nà

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi,

Ṣé ara le? Màmá ń kí ọ. Ẹsẹ̀ Bàbá ti ń san. Òkúta tó o fi ránṣẹ́ láti erékùṣù yẹn ni wọ́n fi dá ilẹ̀kùn dúró.

Mo ka lẹ́tà rẹ, bí òkun ṣe gbẹ́ ihò sínú àpáta, bí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ìwádìí àpáta ṣe kọ́ ọ láti fi ahọ́n lá òkúta kí àwọ̀ rẹ̀ lè hàn. Ọ̀gá rẹ kẹ̀? Ta ló kọ́kọ́ kọ́ ọ ní òkúta lílá létí odò nígbà tó o ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé? Ṣé kì í ṣe èmi tí mo jókòó ti Bàbá yìí ni?

N ò ní purọ́, owú ń jẹ mí. Lánàá, mo lá òkúta ẹnu ọ̀nà yẹn. Iyọ̀ òkun ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ ò ní yọ̀ lórí àpáta o. Ṣùgbọ́n má fi òkúta ránṣẹ́ mọ́. Èmi ni kó o ránṣẹ́ pè.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin