Bàbá Olóòrùka àti Òkúta Dúdú

Ọdún 1944 ni a bí bàbá wa, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Olóòrùka, nínú yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn òbí wọn. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni bàbá tó bí wọn. Aránṣọ ni ìyá wọn. A gbọ́ pé ìró òòlù ni àwọn òbí wọn fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Wọ́n parí ìwé mẹ́fà ní 1957, wọ́n sì jókòó ti bàbá wọn nídìí iṣẹ́.

Ní 1968, wọ́n fẹ́ gbé ìyá wa níyàwó. Dáyámọ́ńdì dúdú kan ni bàbá wọn fún wọn láti fi ṣe òrùka. Òkúta yìí le ju irin lọ, ṣùgbọ́n ẹyọ wẹ́wẹ́ púpọ̀ ló so pọ̀ di ọ̀kan, etí rẹ̀ sì tètè ń ṣẹ́. Ìkánjú ìfẹ́ kò jẹ́ kí bàbá wa rántí. Wọ́n fi èékánná fàdákà, àwọn ìka tín-ín-rín tó ń di òkúta mú, há a bí ẹni ń há òkúta funfun, etí kan sì ṣẹ́. Wọ́n tú u, wọ́n wá fi ọ̀já fàdákà yí i ká, bí ìyá ṣe ń fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ra.

Nígbà tí ìyá ìyàwó, ìyá àgbà wa, gbé òrùka náà sójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ kò kọjá nínú rẹ̀. Wọ́n béèrè bóyá èédú ni bàbá wa fẹ́ fi gbé ọmọ àwọn níyàwó. Bàbá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má wo inú òkúta náà, ojú rẹ̀ ni kí wọ́n wò, nítorí bíi dígí ló ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ìyá àgbà rí ara wọn nínú rẹ̀, wọ́n sì tún irun wọn ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tí ọ̀já fàdákà ń bò. Ìyàwó tẹjú mọ́lẹ̀. Irọ́ ì bá rọrùn fún bàbá wa.

"Etí rẹ̀ ṣẹ́ lọ́wọ́ mi, Mà. Mo kánjú."

"Ẹni tó lè jẹ́wọ́ báyìí, ọmọ mi lè bá a gbélé."

Síbẹ̀, odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ìyá àgbà fi lo òrùka náà kí wọ́n tó fún ọmọ wọn.

Ọ̀já yẹn ló sọ bàbá wa di olókìkí nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn ní 1975. Bó bá jẹ́ pé iná ni àwọn tó tà á fi sọ òkúta kan di dúdú, bàbá wa á sọ ọ́ lójú oníbàárà kó tó rà á. Wọn á tún kìlọ̀ pé kó má kó o mọ́ ẹ̀ṣọ́ tó kù, kó má baà ha wọ́n.

Wọ́n kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ títí dé òpin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn wọn kì í dúró de dùùrù. Òrùka tó bá há mọ́ ìka àwọn àgbàlagbà àdúgbò, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bá wọn fẹ̀ ẹ́.

Wọ́n fi ìyàwó, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje sílẹ̀. Òrùka náà wà lọ́wọ́ ìyá wa lónìí. Ẹni tó bá ń kí wọn, kó wò ó dáadáa, yóò rí ojú ara rẹ̀. Ibi tó ṣẹ́ kò hàn, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Ẹ sùn re, Bàbá Olóòrùka. Kí ilẹ̀ gbá yín mọ́ra bí ọ̀já fàdákà.