Ìsinmi Ìbímọ Ọkọ Rẹ

Adúmáadán, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ọkọ̀ akérò tí ò ń wà kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọmọ-ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó ti ń rẹ́rìn-ín? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò? Ẹlẹ́dàá kò ní kúrò lẹ́yìn yín. Àwa náà ń bẹ láàyè, àfi orúnkún mi tó máa ń dá sọ̀rọ̀ bí mo bá dìde.

Mo bèèrè ara ọkọ rẹ nítorí ohun tí o sọ lórí fóònù, pé ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún un ní ìsinmi ìbímọ. Ọmọ mi, ńṣe ni mo jókòó. Mo mọ̀ pé ìwọ lo bímọ, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì kì í fún èèyàn ní ìsinmi iṣẹ́ tí kò ṣe. Mo bá ń gbàdúrà fún ọkùnrin náà láràárọ̀ pé kí ara rẹ̀ tètè san. Agẹrun ẹ̀gbẹ́ ilé wa tilẹ̀ ní ọkùnrin tó bá ń gbé ọmọ mọ́ àyà, bó pẹ́ bó yá, wàrà á dé ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò wa ló là mí lóye pé kó lè ráyè tọ́jú ọmọ ni wọ́n ṣe fún un láyè. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dá àdúrà náà dúró, àdúrà kì í pọ̀ jù.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé rèé. O ní ọkàn rẹ ò balẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ, tó wá bá yín tọ́jú ọmọ, ti ṣàdédé padà sílé. O pè wá lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, o ní etí mi nìkan lò ń rí. Etí náà ni mo sì fi ń gbọ́ ọ, ọmọ mi, kí ni kí n tún fi gbọ́ ọ? Ìyá rẹ kẹ̀yìn sí fóònù, o bá bú sẹ́kún.

Nígbà tí ìyá rẹ dé láti ọ̀dọ̀ yín, ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé. Ó gbá ilẹ̀ tó mọ́, ó tún un gbá. Mo ní ṣé àna wa sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i ni. Ó ní rárá o. Ó ní kí òun tó jí, ọkùnrin yẹn á ti wẹ ọmọ, á ti fọ aṣọ, á ti gbé oúnjẹ síwájú rẹ kí o tó lọ síbi iṣẹ́. Òun gbé ìgbálẹ̀, ó gbà á. Òun gbé abọ́, ó gbà á, pé kí Màmá jókòó jàre, pé Màmá ti ṣe tiwọn.

Mo ní èyí ò wá dáa ni? Ó ní ó dáa, ohun tó ń dun òun gan-an nìyẹn. Ó ní òun jókòó sórí àga tìmùtìmù yín, ọwọ́ òun ò mọ ibi tó máa wà. Tí iṣẹ́ bá ti bọ́ lọ́wọ́ òun, kí lọmọ tún fẹ́ pe òun wá ṣe? Ló bá ń sunkún.

Mo dìde, mo gbé omi kaná, mo gbé ẹsẹ̀ ìyá rẹ sínú bàsíà, mo ń fọ̀ ọ́. Omi náà gbóná jù, ó figbe ta, ó ní ṣé mo fẹ́ tu ìyẹ́ òun bí adìẹ ni. Ẹkún di ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bu omi tútù sí i, kò yọ ẹsẹ̀ náà. Ó ń pàṣẹ fún mi pé kí n má fo àárín ọmọ ìka. A wà bẹ́ẹ̀ títí agẹrun fi yọjú, ó wò wá, ó sì rọra padà sẹ́yìn bí ẹni tó já wọ ilé onílé.

Nítorí náà, ẹ ò ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n sọ fún ọkọ rẹ pé ọwọ́ rẹ̀ dáa lára ọmọ, ṣùgbọ́n orin tó fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ohùn rẹ̀ ò dáa rárá, kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun, òun ń bọ̀ wá kọ ọ́.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ti ẹni méjì ni o. Má fi í sínú fóònù. Èyí tí o fi síbẹ̀ níjọ́sí, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bátìrì nìkan ni mo bá. Èmi náà ń bọ̀, kí ọkọ rẹ kọ́ mi ní ọbẹ̀ sísè, mo ti ṣèlérí fún ìyá rẹ.

Ilé yín kò ní tú. Ọwọ́ tí ẹ fi ń ran ara yín lọ́wọ́ kò ní rọ. Ọmọ tí ẹ jọ ń tọ́, ẹ ó jọ jẹun ọmọ.

Èmi bàbá rẹ ni, tí mo ń di ẹrù ẹni méjì sínú àpò kan.