Ìyá Ràfátù Àṣàkẹ́ Fọláwẹwọ́, Ẹni Tó Fi Àlàpà Mọ Ilé Ìgbẹ̀bí ní Ìjòkó

Ní àdúgbò Ìjánà, ní ìlú Ọ̀tà, ní ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ni a bí Ìyá wa, Ràfátù Àṣàkẹ́. Kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà sọ fún wa ni pé bàbá wọn kò tíì fọ amọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ọmọ tuntun náà lé e lọ́wọ́. Àwa ẹbí ka ọdún náà sí 1889. Àmọ̀dá ni orúkọ bàbá wọn, Àwórì tòótọ́, ọ̀mọ̀lé tí gbogbo Ìjánà mọ̀. Rùkáyátù ni ìyá wọn, ẹni tó ń fi bọ́tọ́ màlúù rẹ́ ilẹ̀ ilé títí ilẹ̀ náà yóò fi máa dán bí omi inú àwo.

Ní nǹkan bí ọdún 1896 ni wọ́n gbé wàláà lé Ìyá wa lọ́wọ́ ní ilé-kéwú. Wọ́n ka Kùránì, wọ́n sì mọ̀ ọ́n kà dáadáa, ṣùgbọ́n bí Àfáà bá ti ní kí àwọn ọmọ máa lọ sílé, kòtò amọ̀ ni ẹsẹ̀ wọn máa ń gbà lọ. Níbẹ̀ ni àwọn obìnrin ti máa ń tẹ amọ̀ nígbà tí ìkùukùu òwúrọ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀, tí ènìyàn kò ní rí ju orí àti èjìká wọn lọ. Ìyá wa máa ń sọ fún wa pé amọ̀ tí kò tíì jinná máa ń pariwo lábẹ́ ẹsẹ̀. Èyí tó bá ti jinná, á dákẹ́. Ibi ìdákẹ́ yẹn ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́.

Ní ọdún 1908 ni a so yìgì wọn pẹ̀lú Fàlílù Fọláwẹwọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin ọ̀mọ̀lé tó ń bá bàbá wọn ṣiṣẹ́. Ní 1911, tọkọtaya náà kó lọ sí Ìjòkó, nítorí pé ojú irin ti ń kó èrò wá síbẹ̀, àwọn èrò náà sì ń wá ibi sùn. Ọkọ ń mọ ògiri, ìyàwó ń rẹ́ ẹ. Ilé tiwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ́ gbẹ̀yìn, Ìyá wa sì fi ìka márùn-ún fa ìlà rẹ́rẹ́ sí ara ògiri iyàrá, bí ìgbà tí omi bá ń ṣàn lórí yanrìn. Nígbàkígbà tí rélùwéè bá ń kọjá, wọ́n ní ìlà náà máa ń dà bí ẹni pé òun náà fẹ́ bá a lọ.

Ní ọdún 1918, àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú wọ Ìjòkó. Ó mú Fàlílù lọ, ó sì mú àwọn ọmọ wọn méjì tó kéré jù lọ tẹ̀lé e. Ìyá wa ti ilẹ̀kùn ilé náà, wọ́n mú Fàsílátù àti Mùkáílà tó kù lọ́wọ́, wọ́n sì padà sí Ọ̀tà, sí ilé bàbá wọn. Ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló di àlàpà ní Ìjòkó lọ́dún yẹn. Òrùlé wó lulẹ̀, koríko hù sínú iyàrá, ògiri nìkan ló dúró bí ẹni tó ń retí àlejò. Láti ìgbà náà, Ìyá wa kò fi ọwọ́ kan amọ̀ mọ́. Gaàrí ni wọ́n ń yan jẹun. Bí wọ́n bá fẹ́ kọjá níbi tí wọ́n ti ń mọlé, wọ́n á fa gèlè bo ojú.

Ní ọdún 1931, àkọ́bí wọn, Fàsílátù, tó ti ṣe ìyàwó sí Ìjòkó, ń rọbí. Àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ lẹ́yìn ilé ni àwọn obìnrin ìgbà náà ti ń bímọ. Òjò dé, ìjì sì gbé imọ̀ náà lọ. Ọmọ náà wáyé láàyè, ó ké, ṣùgbọ́n gbogbo aṣọ tó wà nílẹ̀ ló ti tutù, òtútù sì pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọwọ́ Ìyá wa, tí wọ́n wá láti Ọ̀tà, ló wà tó fi dákẹ́. Fàsílátù sọ fún wa pé ìyá òun kò sunkún. Wọ́n kàn ń wo ògiri àwọn àlàpà tó yí wọn ká nínú òjò, tí wọ́n dúró síbẹ̀ láìgbé ẹnikẹ́ni.

Nígbà ọyẹ́ ọdún yẹn, Ìyá wa dùbúlẹ̀ lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Eruku ọyẹ́ ti sọ oòrùn di ohun tí ènìyàn lè tẹjú mọ́. Wọ́n sùn lọ, wọ́n sì rí Fàlílù nínú kòtò amọ̀, amọ̀ dé orúnkún rẹ̀. Kò wojú wọn. Ó kàn ní, "Omi ti tó. Ẹ wọlé wá tẹ̀ ẹ́." Fàsílátù tó jókòó tì wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ ìyá òun ń lọ sókè sódò lórí ẹní. Nígbà tí wọ́n jí, omi ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè, kì í sì í ṣe láti mu.

Ní ọdún 1932, wọ́n lọ bá àwọn àgbà Ìjòkó pé àwọn fẹ́ mọ ilé ìgbẹ̀bí. Gbogbo ènìyàn gbà, ṣùgbọ́n yanrìn ló pọ̀ ní ìtòsí, amọ̀ tó dára sì jìnnà. Ìyá wa ní kí wọ́n wó àwọn àlàpà, kí wọ́n po erùpẹ̀ wọn padà, nítorí pé erùpẹ̀ tó ti di ògiri rí ti mọ iṣẹ́. Ẹ̀rù àrùn ba àwọn kan. Àfáà ìlú fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé oòrùn àti òjò ọdún wọ̀nyí ti fọ ibẹ̀ mọ́. Ìdílé kan gbà, òmíràn tẹ̀lé e. Ẹni kan ṣoṣo ló kọ̀: Bàbá Fádáhùnsí, àgbà tí àlàpà ilé bàbá rẹ̀ tóbi ju ti gbogbo wọn lọ. Bí kò bá sí tirẹ̀, ògiri náà kò ní ga kọjá ìbàdí.

Ìyá wa kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Bàbá náà ní, "Ràfátù, ṣé o fẹ́ kí àwọn èwe máa fi ẹsẹ̀ tẹ bàbá mi ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Wọn kò sí nínú erùpẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló wà níbẹ̀."

"Ó dára. Àlàpà tìrẹ ńkọ́? Ṣé o ti wó o?"

Ìyá wa fa gèlè bo ojú. Wọ́n dìde, wọ́n sì lọ. Òótọ́ ni: wọ́n ti bẹ gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n láti ọdún 1918, wọn kò tíì yà sí ọ̀nà ilé tiwọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n sì lọ. Igi ìbẹ́pẹ ti hù ní àárín iyàrá, ó sì ti so. Ìlà ìka wọn ṣì wà lára ògiri, tín-ín-rín, bí ohun tí ènìyàn rí lójú oorun tí kò tíì gbàgbé tán. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti rí ibi tí ọmọ kékeré kan ti fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ amọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Fàsílátù, tó tẹ̀lé wọn wá, bẹ̀ wọ́n pé, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín ṣe é."

Wọ́n ní, "Ta ni? Ta ló mọ̀ wọ́n jù mí lọ?"

Wọ́n gbé ọkọ́ sókè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri náà. Nígbà tí wọ́n máa gbójú sókè, Bàbá Fádáhùnsí ti wà lójú ọ̀nà, ó fi ọ̀pá gbé ara ró, ó ń wò wọ́n. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí àwọn ènìyàn gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú àlàpà ilé bàbá rẹ̀, tó ń pe orúkọ gbogbo àwọn tó ti gbé ibẹ̀ rí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń jí wọn. Lẹ́yìn náà ló jáde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára aṣọ, ó ní, "Ẹ wá kó o."

Bẹ́ẹ̀ ni ilé náà ṣe dìde lórí ìpìlẹ̀ yangí. Wọ́n á mọ ipele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Nítorí pé erùpẹ̀ ìdílé kan kò bá ti èkejì dọ́gba, ògiri náà ní ìlà pupa, ìlà bí osùn, ìlà bí eérú, tí oníkálukú fi lè na ọwọ́ sí tirẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n fi koríko bẹ́ẹ̀rẹ̀ bò ó, wolé-wolé ìjọba, Ọ̀gbẹ́ni Ṣùáíbù, wá wò ó.

Ó ní, "Ìyá, ògiri yín dára púpọ̀. Fèrèsé ló kéré."

Ìyá wa fajú ro. "Bí mo bá gé e, ara ògiri á rọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sùn síbi tí abiyamọ máa sùn sí."

Wọ́n dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ooru bò wọ́n, òógùn sì bọ́ sí wọn lójú. Wọ́n dìde, wọ́n ní, "Ẹ gé e." Àwọn fúnra wọn ni wọ́n mú àdá.

Ní ìgbà òjò ọdún 1933, Fọlákẹ́, ìyàwó ọmọ Bàbá Fádáhùnsí, ni ó kọ́kọ́ bímọ níbẹ̀. Òjò ọ̀sán náà le. Bàbá àgbà náà dúró lábẹ́ etí òrùlé, ó ń kígbe pé, "Ṣé ó ń jò?" Àwọn obìnrin dá a lóhùn láti inú ilé pé, "Kò jò o, Bàbá!" Nígbà tí ọmọ náà ké, Ìyá wa gbé e wò, wọ́n fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀ yíká, wọ́n rí i pé ó gbẹ. Ìgbà náà ni wọ́n tó sunkún. Fàsílátù ló gba ọmọ lọ́wọ́ wọn.

Láti 1935 lọ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ amọ̀. Wọ́n kọ́ ilé-kéwú kan ní ìtòsí Sàngó, wọ́n tún ògiri mọ́ṣáláṣí Ìjánà rẹ́, wọn kò sì jẹ́ kí opó kan sùn lábẹ́ ilé tó ń jò níbi tí ohùn wọn bá dé. Ìyá wa kì í pa ìrun jẹ. Wọ́n máa ń bínú bí ẹnikẹ́ni bá fi bàtà tẹ ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Bí wọ́n bá sì dé ilé onílé, kí wọ́n tó jókòó, wọ́n á ti fi èékánná họ ògiri, wọ́n á sì tọ́ ọ wò lẹ́nu. Nígbà tí ilé oníbúlọ́ọ̀kù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní 1952, àwọn kan retí pé kí wọ́n bínú. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ní sìmẹ́ńtì, kó fi kọ́lé. Ẹni tí kò ní, kó má sùn síta."

Ní oṣù Kejì ọdún 1957, lẹ́yìn tí wọ́n kírun Súbùú tán, Ìyá wa fẹ̀yìn ti ògiri lórí ẹní wọn ní Ọ̀tà, wọn kò sì dìde mọ́. A sin wọ́n lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn Ìsìláámù ṣe là á sílẹ̀, a sì pé jọ lónìí fún àdúà ogójì ọjọ́ wọn.

Àwọn ọmọ wọn, Fàsílátù àti Mùkáílà, ló gbẹ̀yìn wọn. Àbúrò Ìyá wa, Láwàlì. Àwọn ọmọ-ọmọ, Rùfáì, Mùíbátù, Àdìzát àti àwọn àbúrò wọn. Pẹ̀lú ọmọ-ọmọ-ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, àti àwọn obìnrin Ìjòkó tó ń pè wọ́n ní ìyá.

Ìyá wa, kí Ọlọ́hun tẹ́ ibi ìsinmi yín fẹ̀, kó mọ́lẹ̀, kó sì tura. Kí Ó ṣí ilẹ̀kùn Alùjánńà fún yín kí ẹ tó kan án. Àṣàkẹ́, ẹ máa sinmi o.