Àwa Mẹ́jọ Tí À Ń Bọ̀ Wá Dúró ní Tunis

Ẹyinjú mi Dorsaf,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnáwó ìlú ńlá. Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé, kó máa bá yàrá tí o háyà gbé, kó sì bá ìyá onílé rẹ gbé pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin náà kò mọ èèyàn kí. Ìyá rẹ ní kí n bá òun náà kí ọ, ó ní kí n kọ tòun sí ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀ kó má bàa dà pọ̀ mọ́ tèmi. Ó dáa.

Mbarka kí ọ.

Mo ti kọ ọ́, mo kà á fún un, ó ní ó kéré.

Ara wa le ní Ayn el-Karma. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ti mumi yó. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wa ṣì ń tiro, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bá fẹ́ di ẹrù lé e nìkan ló ń tiro, bí kò bá sí ẹrù ńṣe ló ń fò bí ọmọge ọjọ́ ọdún. Igi ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìnkùlé ti wó lu ògiri Alájì Bubaker, ó ní mo rán an ni.

Ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù dé ọwọ́ wa. Àmọ́ o dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé o, ọmọ mi. Ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni ìyá rẹ ti ń dá ọ lóhùn, ó bi ọ́ bóyá o ti jẹun, o ò fèsì, o kàn ń bá ọ̀rọ̀ tìrẹ lọ. Ó tún bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, o ò dúró. Ó ní ó parí, ó ní Tunis ti kọ́ ọ ní àìgbọràn, pé ọmọ tí òun gbé pọ̀n ló ń sọ̀rọ̀ lé òun lórí yìí. Nuri awakọ̀ èrò ló bá wa ṣàlàyé pé o ti sọ̀rọ̀ yẹn tán láti àárọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyá rẹ ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná?

Nígbà tí a wá gbọ́ ọ dé ìdí, ẹnu wa wọhò. O ní ẹgbẹ́ tí o ti ń ṣe alága rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ẹgbẹ́ àwọn tó ń darí iṣẹ́ ní ọ̀nà Ajáìlì, àwọn tí kì í gbé iṣẹ́ ńlá mì lódidi, tí wọ́n ń bù ú ní òkèlè òkèlè tí wọ́n sì ń tọ́ ọ wò kí wọ́n tó tún bu òmíràn, o ní ẹgbẹ́ náà ń kú lọ. O ní èrò rẹpẹtẹ ló ń forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù pé àwọn ń bọ̀ ní ìpàdé, ṣùgbọ́n tí ọjọ́ bá pé, èèyàn mẹ́rin lò ń rí. O ní ẹni tó ni gbọ̀ngàn ti sọ pé bí ẹ kò bá tó mẹ́wàá ní Sátidé tó ń bọ̀, òun á gbé gbọ̀ngàn fún àwọn tó ń kọ́ ijó. O ní ó ti sú ọ, pé o máa kúkú dìde lọ́jọ́ náà, kí o sọ fún àwọn mẹ́rin yẹn pé ó tán. Ohùn rẹ gbọ̀n níbẹ̀ yẹn. Ìyá rẹ dákẹ́. O sì mọ̀ pé Mbarka kì í dákẹ́.

Nítorí náà ni mo ṣe mú bírò.

Ṣé o rántí ìgbà tí o wá sílé lọ́dún Iléyá, tí o fi fídíò ìpàdé yín hàn wá? Àyà mi já lọ́jọ́ náà. Èèyàn ńlá ńlá, àwọn mìíràn tiẹ̀ pá lórí, gbogbo yín dúró dojú kọ ògiri bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ń fìyà jẹ, bébà aláràbarà sì kún ara ògiri bí ẹni tó fẹ́ fi dí ihò. Ìwọ lo wà níwájú. Mo ní háà, ọmọ mi ni olórí àwọn aláìgbọràn! Ìyá rẹ ní rárá, pé wọn ò ní àga ni. Ó ní ẹgbẹ́ wo ló máa dúró tí kò ní àga? Níbí, ta là ń bá sọ̀rọ̀ lóòró bí kò ṣe ọlọ́pàá? Àlejò tó bá wọlé, o máa fún un ní ibi ìjókòó, o máa bu tíì fún un títí táá fi bẹ̀ ọ́ pé ó tó. O ṣàlàyé títí pé ńṣe lẹ mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn. Ìyá rẹ ní ó gbọ́. Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í hun ẹní fún yín.

Ó tún bi ọ́ lọ́jọ́ yẹn pé èló ni wọ́n ń san fún alága, o ní wọn kì í san nǹkan kan. O ní ẹni tó bá dá nìkan ń kọ́ iṣẹ́ yìí, òun nìkan náà ló máa ṣubú, torí ẹ̀ lẹ ṣe ń pàdé, kí ẹni tó ti kọsẹ̀ lè fi òkúta han ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo bú sẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dùbúlẹ̀, mo ní àáró mà nìyẹn! Lónìí gbogbo wa wọ oko tèmi, lọ́la gbogbo wa wọ oko tìrẹ. Ta ló ń sanwó àáró? Ẹni tó ń pe àáró jọ sì lo jẹ́.

Ó dáa, kí o tó lọ fún wọn ní gbọ̀ngàn fi jó, jókòó kí o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìfún-òróró. Tàbí kí o dúró, bó bá ṣe wù yín.

O mọ bí tiwa ṣe rí lọ́dọọdún. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo ilé ń ká ólífì tán, ọjọ́ kan náà ni gbogbo wa ń wọ́ àpò dé ẹnu ọ̀nà, olúkúlùkù ní òun ló kọ́kọ́ dé. Èmi alábòójútó á jókòó sáàárín, a ó mu tíì, a ó tún mu tíì, ọ̀rọ̀ á kúrò lórí ólífì á bọ́ sórí ilẹ̀ tí bàbá ẹnìkan tà nígbà ayé àwọn Faransé, gbogbo ìgbà yẹn àpò tó wà nísàlẹ̀ ń gbóná bí abẹ́ adìẹ tó ń sàba. Ólífì tó bá sì gbóná nínú àpò, kíkan ni òróró rẹ̀ máa kan, a ó máa dijú jẹ ẹ́ títí di ọdún mìíràn.

Lọ́dún yìí mo ní n ó fi ọgbọ́n ọmọ mi gbìyànjú. Mo wá bébà tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn tí o gbàgbé sílé. Mo fi èédú pín ògiri sí mẹ́ta: ólífì tó wà níta, ólífì tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ, òróró tó ti wọ inú kẹ́ẹ̀gì. Ilé kọ̀ọ̀kan mú àwọ̀ tirẹ̀, ibi tí ólífì rẹ̀ bá dé la ń lẹ bébà rẹ̀ mọ́. Mo wá pàṣẹ pé tí a bá ti kírun àárọ̀ tán, lóòró la máa sọ̀rọ̀, kò sì sí tíì títí a ó fi parí. Ariwo ta! Wọ́n ní Muldi ti ya wèrè. Alájì Bubaker fi ọ̀pá gún ilẹ̀, ó ní òun, ọmọ Bubaker, ọmọ Bubaker, ìdúró kọ́ ni wọ́n fi bí òun. Mo ní Alájì, kí lẹ kó wá lánàá, kí lẹ fẹ́ ṣe lónìí, kí ló dí yín lọ́wọ́? Ó ní òun kó àpò ólífì wá, òun fẹ́ fún un, ohun tó dí òun lọ́wọ́ ni èmi Muldi àti orúnkún òun. Ó tán! Ọkùnrin tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí baba ńlá rẹ̀, orúnkún kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ baba ńlá. Omi tíì kò tíì hó tí ìpàdé fi tú.

Ó ń lọ dáadáa títí ewúrẹ́ Sasiya fi wọlé. Sasiya opó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, o mọ ewúrẹ́ rẹ̀, aláìnítìjú ni. Àfi bí a ṣe dé láàárọ̀ tí a bá a tó dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì níwájú ògiri, bí ọmọ ẹgbẹ́ gidi, ó ń jẹ bébà wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kàn mọ́. Ẹnìkan ní ewúrẹ́ ti bá Alájì parí iṣẹ́ tirẹ̀. Alájì di ewúrẹ́ mú níwo, ó ní ẹ̀rí òun wà nínú ikùn rẹ̀, pé kò sẹ́ni tó máa fún ólífì kan títí bébà òun á fi gba ẹ̀yìn jáde. Ọ̀pá ti ròkè. Mo wá rántí ohun tí o máa ń sọ, pé tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ kì í wá ẹni tẹ́ ẹ máa dá lẹ́bi, ohun tẹ́ ẹ máa yí padà lẹ máa ń wá. Mo kígbe ẹ̀, mo ní kí la máa yí padà? Sasiya ní kí a gbé bébà sókè níbi tí ewúrẹ́ ò ní tó. Alájì ní òun náà ò ní tó o. Sasiya ní kí a kúkú ti ilẹ̀kùn nígbà náà. Dorsaf, láti ayé bàbá mi, kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn yẹn rí.

Lọ́dún yìí, kò sí àpò kan tó gbóná. Òróró wa dùn débi pé tí o bá fi búrẹ́dì kàn án, wàá gbàgbé orúkọ rẹ. Alájì Bubaker tọ́ ọ wò, ó bi mí pé ta ló kọ́ mi ní ọgbọ́n yìí, mo ní ọmọ mi ni, alága ni ní Tunis, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ti ẹgbẹ́ náà pa ní Sátidé torí èèyàn kì í wá. Alájì dìde. Kò mú ọ̀pá. Ó ní kí ló fà á, ṣé ewúrẹ́ wà ní Tunis ni?

Ibẹ̀ la ti forúkọ sílẹ̀. Fóònù Nuri la lò. Fóònù náà kọ́kọ́ rí mi fín, ó ní kí n fi hàn pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo sọ orúkọ bàbá mi fún un, kò gbà. Ó gbé àwòrán wá pé kí n fọwọ́ kan iná tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì, níbo ni mo ti fẹ́ rí iyẹn ní Ayn el-Karma, mo fọwọ́ kan gbogbo ohun tó tàn. Ó ní kí a kọ iṣẹ́ tí a ń ṣe, a kọ ólífì. Ó ní kí la ń retí láti rí nínú ìpàdé, Alájì ní kí n kọ òjò àti ọkọ rere fún àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin. Tí o bá rí i lára orúkọ, má rò pé ẹnìkan ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwa ni.

Ọkọ̀ Nuri ń gba mẹ́jọ, àwa mẹ́jọ la sì ń bọ̀: èmi, ìyá rẹ pẹ̀lú ẹní rẹ̀, Alájì, Sasiya, àti àwọn mẹ́rin mìíràn láti ilé ìfún-òróró. Mo bẹ Sasiya kó fi ewúrẹ́ sílẹ̀. Pẹ̀lú mẹ́rin tìrẹ, ẹ ti ju mẹ́wàá lọ, oníjó kó lọ jó sílé rẹ̀. Níbí wa, ẹni tó bá ní òun ń bọ̀ níbi àáró, ó gbọ́dọ̀ dé, àfi tó bá kú, kódà nígbà yẹn á rán ọmọ rẹ̀. A ti sọ fún gbogbo wọn pé ìdúró ni. Alájì ti ń dúró kọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Bá wa ra bébà tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, èyí tó pọ̀, torí àwọn tó ń rẹ́ irun àgùntàn ti ń bi wá bí a ṣe ń ṣe é. Fi dínárì díẹ̀ kún un fún oògùn orúnkún Alájì. Èyí tó ṣe kókó jù: owó ọkọ̀ àlọ nìkan la rí kó jọ, kò sí ti àbọ̀. Mo ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ, a ní tí ìpàdé bá dùn, àwọn èèyàn rẹ á dá owó fún wa torí òróró tí a gbé dání. Ṣùgbọ́n tí o bá dìde sọ pé ẹgbẹ́ ti tán, a jẹ́ pé yàrá rẹ la máa sùn, àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, Alájì á sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn baba ńlá rẹ̀, nítorí ibẹ̀ yẹn, á rí ibi jókòó.

Ọlọ́run tó ń kó ẹyẹ jọ sórí igi kan kó máa kó èèyàn jọ sọ́dọ̀ rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní rẹ̀ ọ́ níbi tí o dúró sí. Ẹni tó bá ní òun ń bọ̀ wá bá ọ, kó dé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Muldi, alábòójútó ilé ìfún-òróró Ayn el-Karma.

Mbarka tún kí ọ. Ó ní ṣé o ti jẹun?