Ìyá Tí Wọ́n Tilẹ̀kùn Mọ́

Bàbá mi àtàtà,

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ní Ìyànà Ọ̀fà, n kì í bẹ ọmọdé kankan kó bá mi kọ̀wé mọ́.

Fíìmù kan ni mo wò. Àṣàkẹ́, ọmọ Délé ọmọ mi, tó ń kàwé ní yunifásítì, ló wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Ní ọ̀sán Sátidé, ó gbé fóònù rẹ̀ ti ìkòkò omi, ó ní kí n wá wo fíìmù tó ti ń dẹ́rù ba gbogbo ayé kí wọ́n tó bí bàbá òun. Inú ìwé ìtàn kan ni wọ́n ti yọ ọ́. Kò ní àwọ̀, bí eérú ló rí.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń dẹ́rù ba gbogbo ayé. Ìyá kan kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sórí òkè, wọ́n sin ín sáàárín àwọn tí kò mọ̀ rí, wọ́n sì sáré padà wálé wá jẹun. Nígbà tó yá, ìyá dìde, ó fẹsẹ̀ rìn wálé nínú òjò, ó kan ilẹ̀kùn. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n wọ́ àga àti tábìlì ti ilẹ̀kùn. Àgbàlagbà ọkùnrin, tòun ti irùngbọ̀n, sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ẹnì kan tó bi í bóyá òtútù ń mú un. Ìyá náà pàápàá kò mọ ìwà hù: ó fọ́ fèrèsé, ó wọlé láìkí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wúkọ́ lójúde kí ẹ tó wọ yàrá ara yín.

Àṣàkẹ́ bojú. Èmi ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá àgbà, ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ẹ̀rù kí ni? Àwọn ọmọ burúkú wọ̀nyẹn ló yẹ kó dẹ́rù bà ẹ́."

Ó wo ilẹ̀ pálọ̀ níbi tí wọ́n sin yín sí, ó sì ká ẹní rẹ̀. Ilé ìdáná ló ti ń sùn láti ọjọ́ náà. Ọmọ tó rá lórí sàréè yín, tó jẹ ẹ̀kọ lórí rẹ̀.

Ó pe bàbá rẹ̀. Délé mú bíríkìlà wá, ó ní òun fẹ́ hú yín, kí wọ́n gbé yín lọ sí itẹ́ òkú ìlú, kí ọmọ òun lè rí oorun sùn. Ọkùnrin tó ní mọ́tò, nítorí àwòrán inú fóònù. Mo bi í bóyá ó ti bi yín léèrè.

"Màmá, ayé ti lajú."

Mo ní kó gbé ìlajú rẹ̀ padà lọ sílé.

Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀ yẹn? Ìgbà tí ọkọ mi kú, orí yín ni mo jókòó sí tí mò ń sunkún. Ẹ kò dìde. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kọ orúkọ yín láìṣàṣìṣe, mo gbé bébà náà wá bá yín. Ẹ kò dìde. Òkú tó mọ ìwà hù ni yín, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi tó bí ẹ ṣe rò.

Bíríkìlà ṣì dúró, ó ń retí iṣẹ́. Mo fún un níṣẹ́: mo ní kó wọn àyè tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà rẹ̀ lójú Délé. Ẹni tó bá fẹ́ hú yín lọ́la, èmi àti ẹ̀yin ni yóò gbé pọ̀.

Àyè náà há díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fún mi.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tí ẹ máa ń gbé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sóko.