Páálí Tó Gba Èènì

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú àdúrà lórí wa. Mo kí Déjì àbúrò mi, mo sì kí gbogbo àwọn ìyá tí ẹ jọ ń yan gàrí ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Èéfín kò ní ba ojú yín jẹ́ o. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tú àṣírí ilé wa síta ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí sí gbangba. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń wá páálí tí wọn yóò máa fi di gàrí tà, ohun tí ojú wa rí lè ṣe wọ́n láǹfààní.

Ara mi le, ṣùgbọ́n òtútù Leeds nílùú Ọba yìí kò mọ̀ pé ọmọ èèyàn ni mí. Oòrùn ibí dà bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa níbi tí a ti ń ṣe páálí tíì àti bisikíìtì. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ṣèèyàn, wọn a kí mi, wọn a rẹ́rìn-ín, kálukú a sì gba ilé ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Lọ́jọ́ ìsinmi, mo lè wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tó fi jẹ́ pé bí mo bá fẹ́ la ẹnu, ohùn mi á kọ́kọ́ há.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn lọ́jọ́ tí ẹ pè mí nítorí ìyá oníṣọ́ọ̀bù ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ ní wọ́n sọ pé àwọn kò gba gàrí inú ọ̀rá lásán mọ́, pé bí ẹ bá lè dì í sínú páálí tó bójú mu, iwájú ni àwọn yóò tò ó sí. Ẹ ní eékún yín kò gba ìjókòó ọjà mọ́, pé bí ṣọ́ọ̀bù yẹn bá kọ̀ ọ́, ẹ ó kúkú paná ààrò. Ẹ̀rín lẹ fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi kò rẹ́rìn-ín. Gàrí yẹn ló tọ́ wa dàgbà.

Mo sì mọ páálí, òun ni mò ń fọwọ́ pa lójoojúmọ́. Èyí tó funfun tó ń dán máa ń fa ojú mọ́ra, àwòrán a sì hàn lára rẹ̀ ketekete, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́lẹ́, ẹrù wúwo á ya ìdí rẹ̀. Èyí tó pọ́n bí ilẹ̀ kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó lágbára. Èyí tó wù kó jẹ́, inú ọ̀rá ni gàrí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà, torí páálí máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, gàrí Ìjẹ̀bú tó bá sì ti rọ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Funfun tó ń dán ni mo yàn. Mo wọ̀n ọ́n kí gàrí kún un dé ẹnu gẹ́ẹ́, mo fi ìwọ̀n náà ránṣẹ́, Déjì sì gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé tó ń ṣe páálí.

Ẹ̀yin náà rí ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Ìdí páálí já lórí pẹpẹ, ọ̀rá inú ẹ̀ ya, gàrí dà sórí agolo mílíìkì oní-mílíìkì. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ní àwọn yóò tún gbà á wò lẹ́ẹ̀kan sí i, bó bá tún já, ó parí.

Òjò ni mo kọ́kọ́ bá wí, mo rò pé ọ̀rinrin ló rọ ìdí páálí. Mo ká irú páálí yẹn mélòó kan ní kékeré, mo sì gbé agolo gàrí tí ẹ dì fún mi nígbà tí mò ń bọ̀ jáde. Ó ti kù díẹ̀ nínú ẹ̀. Mò ń ṣọ́ ọ mu ni, torí lọ́jọ́ tí àárò ilé bá mú mi, mo kàn máa ń ṣí ìdérí ẹ̀ kí n gbóòórùn kíkan yẹn. Mo dì í sínú ọ̀rá, mo kì í bọ àwọn páálí náà, mo gbé wọn sí balùwẹ̀ níbi tí ooru omi gbígbóná ti ń rú. Nígbà tí mo padà mì wọ́n, gàrí ṣì ń dún ṣàà. Páálí kò já. Ọ̀rọ̀ wá rú mi lójú.

Ìgbà yẹn ni mo pè yín, mo ní kí ẹ sọ bí ẹ ṣe ń dì í. Ẹ ní bí mo ṣe wí náà ni. Ẹ wá rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni pé ọmọ tí kò gba ẹ̀kọ́ ilé lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, ẹ ní ṣé èèyàn á ra gàrí lọ́wọ́ yín kó má gba èènì ni? Ẹ ní ẹ máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ èènì náà wọlé, kí Déjì tó fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu ẹ̀ pa.

Màámi, mo rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín di ẹkún. Ó dùn mí pé mo wọn gàrí ìyá mi, mi ò sì rántí èènì. Níbí, bí wọ́n bá ti wọn nǹkan, ó tán. Ìkíni pàápàá, ìwọ̀n ni.

Mo ti ṣe òmíràn. Páálí tó pọ́n bí ilẹ̀ ni, ó nípọn, ìdí rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́po méjì, mo sì fi àyè ẹ̀kúnwọ́ kan sílẹ̀ lókè. Ọwọ́ ara mi ni mo fi wọ̀n ọ́n, torí ọwọ́ èmi àti ẹ̀yin jọra. Bí àwọn atẹ̀wé bá ní àyè yẹn ń ṣòfò, kí Déjì má gbà fún wọn.

Gàrí inú àwọn páálí yẹn, mo ti mu ún pẹ̀lú ẹ̀pà. Omi ẹ̀rọ ibí tutù ju ti fíríìjì yín lọ, ibi kan ṣoṣo tí òtútù ti ṣàánú mi nìyẹn. Ó ti tán báyìí, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń ṣí agolo náà.

Iná ààrò yín kò ní kú, Màámi. Ẹ ó jẹ èrè wa, a ó sì fojú rí ara wa láyọ̀. Ẹ bá mi kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kí àwọn ẹ̀gbọ́n ní Òdogbolú, ẹ kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi. Páálí tuntun àkọ́kọ́ tí ẹ bá dì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, èmi ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Kí ẹ sì bu èènì sí i. Mo mọ̀ pé yóò ti mì pọ̀ mọ́ra kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ṣùgbọ́n n ó mọ̀ pé ọwọ́ yín débẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Adébímpé