Imú Tuntun Tí O Rà fún Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ń sùn, ṣé ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀yin náà sùn? Ọlọ́run á bá wa wò ó dàgbà. Ara mi le, ara ìyá rẹ náà le, àfi imú rẹ̀ tí kò tíì gbóòórùn láti ìgbà àìsàn yẹn.

A rí imú tuntun tí o fi ránṣẹ́ gbà. O ṣeun, o kò ní ṣàárẹ̀. Mo rò pé ọrùn ni wọ́n ń gbé e kọ́, mo bá fi okùn sí i, ìyá rẹ sì gbé e kọ́rùn lọ kí ìyàwó télọ̀. Nígbà tí oníṣẹ́ iná àdúgbò wa rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ara ògiri ló ń gbé, iná ló ń jẹ, igbe ló sì ń ké tí gáàsì bá ń jò. Mo ní kó gbé e sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìgbéyàwó rẹ, torí àlejò tó ti ìlú ńlá wá kì í ṣe ẹni à ń fi sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní rárá o, gáàsì tí a fi ń dáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń fà lọ bí ejò, nítorí náà nítòsí ilẹ̀ ni kí imú náà wà, kó má jìnnà sí sítóòfù, kó má sì sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn tàbí lẹ́bàá fèrèsé.

Ó ní kí n máa fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí n sì máa tẹ bọ́tìnì rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ṣì jí. Mo máa ń kọ́kọ́ kí i kí n tó tẹ̀ ẹ́, ó sì ń dá mi lóhùn kíákíá, ó sàn ju àwọn àbúrò rẹ lọ. Wọ́n kọ ọjọ́ tó máa fẹ̀yìn tì sí ìdí rẹ̀. Jọ̀wọ́ bá wa béèrè bóyá àwa la ó máa san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Tọ́sìdé tó kọjá, mo wà lẹ́yìnkùlé nígbà tí imú náà figbe ta. Mo sáré wọlé, òórùn gáàsì gbá mi nímú, ìyá rẹ sì dúró sáàárín rẹ̀ bí ẹni tó dúró sínú omi tí kò mọ̀ pé ara òun ti tutù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ yọ ẹ̀rọ náà lára iná kó lè dákẹ́. Mo ké mọ́ ọn pé kó má fọwọ́ kàn án, kó má tan fáànù, kó má ṣáná. Mo ti orí sílíńdà pa, mo ṣí fèrèsé, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a bọ́ síta láìwọ bàtà. Ìta la ti pe oníṣẹ́ gáàsì. Ó da omi ọṣẹ sára rọ́bà sílíńdà, ọṣẹ sì ń hó níbi tó ti là. Ó pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìyá rẹ kò sunkún níwájú oníṣẹ́ gáàsì náà. Ìgbà tó lọ tán ló tó sọ fún mi pé àtìgbà tí òun ti ń gé àlùbọ́sà lòun ti wà níbẹ̀, òun kò gbọ́ òórùn kankan. Mo ní ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ra imú. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gáàsì nìkan ni ẹ̀rọ yẹn mọ̀, kò lè bá òun gbóòórùn orí ọmọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Mo kàn gbé àga jáde fún un, mo sì parí ọbẹ̀ náà fúnra mi. Ó jẹ ẹ́, kò sọ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù.

Tí ọwọ́ rẹ bá gbòòrò, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ká ra rọ́bà mìíràn pamọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ owó ọkọ̀ nìkan lo ní, fi wọkọ̀, kí o gbé ọmọ náà wá. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé imú lòun pàdánù, òun kò pàdánù ọwọ́.

Ewu tí ojú rẹ kò rí, Ọlọ́run á máa ta ọ́ lólobó rẹ̀. Ilé rẹ á tutù, ilẹ̀kùn ayọ̀ rẹ kò ní tì.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.